Iná Pupa Inú Àpótí Tẹlifóònù

Ẹ̀sùn ìdigunjalè ni wọ́n fi kan obìnrin náà. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ìjọba ológun ló wà lórí àlééfà, ẹni tí ilé-ẹjọ́ àkànṣe bá sì dá lẹ́bi ìdigunjalè, ìbọn ni wọ́n fi ń pa á. Obìnrin tí mò ń wí yìí, olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Iléṣà. Kò di ìbọn mú rí. Kọ́kọ́rọ́ ló dì mú, kọ́kọ́rọ́ àpótí tí bàbá rẹ̀ ń ti tẹlifóònù mọ́.

Òṣogbo ni mo wà nígbà náà, tí mò ń bá ìwé ìròyìn Yorùbá kan ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ olè àti ọ̀rọ̀ ilé-ẹjọ́ ni wọ́n fi síkàáwọ́ mi. Mo ti pẹ́ lẹ́nu rẹ̀ tó láti mọ̀ pé ohun tí ẹni tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀ sí bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ, ó dára ju àlàyé tí ẹlòmíràn bá ṣe fún un lọ. Nítorí náà, kí n tó dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá, mo kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú Alhaji tí wọ́n jà lólè. Òṣogbo ni Alhaji ń gbé, wúrà ló sì ń rà. Àwọn tí ń wa wúrà ní Ìtagunmódì mọ̀ ọ́n dáadáa, òun náà sì mọ̀ wọ́n.

"Akọ̀ròyìn, jókòó," ni ó wí. "Apá ni wọ́n ṣẹ́. Wọn ò ṣẹ́ ẹnu mi."

Mo bẹ̀ ẹ́ kó sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

"A ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alásárì tán ni tẹlifóònù ilé mi dún. Ohùn ọkùnrin ni. Ó ní, 'Alhaji, ọjà ti jáde o, ojú rẹ̀ mọ́. Ẹ yáa máa bọ̀ lọ́la. Ẹ má mú ẹlòmíràn dání, ojú ti pọ̀ jù níbí.' Bí àwọn oníwúrà ṣe ń sọ̀rọ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn. Wọn kì í pe wúrà ní wúrà lórí tẹlifóònù."

"Ẹ ò bi í pé ta ni?"

"Mo bi í. Ó ní ọmọ Ìtagunmódì ni òun. Ta ni kì í ṣe ọmọ Ìtagunmódì lọ́jọ́ tí wúrà bá jáde?"

Ìyàwó rẹ̀ tó jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì dá sí i. "Mo ní kí ẹ mú dẹ́rẹ́bà dání, ẹ ní rárá."

"Wọ́n ní kí n má mú ẹlòmíràn dání ni."

"Ẹni tí ẹ ò mọ̀ rí ló ní bẹ́ẹ̀. Èmi tí ẹ fẹ́ sílé, ẹ ò gbọ́ tèmi."

Alhaji wo òkè àjà. "Akọ̀ròyìn, má kọ ìyẹn síbẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò gùn. Ó kọjá Iléṣà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó yà sí ọ̀nà oko, àwọn ọkùnrin kan sì já síwájú mọ́tò rẹ̀ láti inú oko kòkó. Wọ́n gba owó tó fẹ́ fi rajà, wọ́n fi ìdí ìbọn ṣẹ́ ẹ lápá, wọ́n sá padà wọ igbó. Wọ́n fi aṣọ bojú, kò mọ ìkankan nínú wọn. Ohun kan ṣoṣo tó ní lọ́wọ́ ni ìpè tí wọ́n pè é yẹn.

Ìpè náà ni ọlọ́pàá sì dì mú. Ìnsípẹ́kítọ̀ tó ń ṣe ìwádìí náà ní Òṣogbo, ọmọ Ọ̀tan-Ilé ni, ẹni tí kì í gba rìbá tí kì í sì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. A ti mọ ara wa tipẹ́. Nígbà tí mo dé ọ́fíìsì rẹ̀, ó ka ọ̀rọ̀ náà fún mi bí ẹni ń ka ìṣirò tó ti rí ìdáhùn rẹ̀.

"Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ti sọ tiwọn. Ilé Bàbá Olùkọ́ kan ní Iléṣà ni ìpè náà ti wá, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Mo lọ síbẹ̀. Mo bá tẹlifóònù nínú àpótí onígi, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bi wọ́n pé ta ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́. Ọmọbìnrin wọn ní òun ni. Mo bi í bóyá ó wà nílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ó ní òun wà nílé. Mo bi í bóyá ó yá ẹnikẹ́ni ní kọ́kọ́rọ́ rí. Ó ní rárá. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

"Ohùn ọkùnrin ni Alhaji gbọ́, sà."

"Ọkùnrin ló sọ̀rọ̀, obìnrin ló ṣí àpótí. Kó dárúkọ ọkùnrin náà, màá bá a bẹ ọ̀gá mi. Tí kò bá dárúkọ rẹ̀, mò ń gbé fáìlì rẹ̀ lọ síwájú nìyẹn, o sì mọ ibi tí fáìlì bẹ́ẹ̀ ń lọ."

Mo mọ̀ ọ́n. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí n rí i. Wọ́n mú un jáde wá sí ẹ̀yìn káńtà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti rún, tí ojú rẹ̀ sì dúró gbọn-in. Mo sọ fún un pé akọ̀ròyìn ni mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ mi ò pọ̀," ni ó wí. "Wọ́n bi mí bóyá mo fún ẹnìkan ní kọ́kọ́rọ́. Bí mo bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo parọ́ mọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Bí mo bá ní rárá, èmi ni olè. Òtítọ́ ni mo sọ, òun náà ló sì tì mí mọ́bí."

Mo wọ mọ́tò lọ sí Iléṣà ní ọjọ́ kejì.

Ilé Bàbá Olùkọ́ wà ní ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n tún kùn. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ni Bàbá kó tó fẹ̀yìntì. Kò sọkún níwájú mi, ṣùgbọ́n ó gbàgbé láti ní kí n jókòó, bẹ́ẹ̀ ọmọ Ìjẹ̀ṣà kì í gbàgbé ìyẹn. Ó mú mi lọ síwájú àpótí náà.

Ẹni tí kò gbé ayé nígbà náà lè máà mọ̀ pé gbogbo ẹni tó bá ní tẹlifóònù ló ń tì í. Àlejò kò ní béèrè omi, òun fẹ́ fi ìṣẹ́jú kan péré pe ẹ̀gbọ́n òun ní Èkó ni. Àwọn kan fi àgádágodo kékeré sẹ́nu ibi tí à ń yí nọ́ńbà, àwọn mìíràn kan àpótí. Ṣùgbọ́n tẹlifóònù ti Bàbá yàtọ̀. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Amẹ́ríkà ló gbé e wá ní Kérésìmesì, tẹlifóònù aláìlókùn. Ìdí rẹ̀ ni wáyà wọ̀, apá tí à ń gbé sétí kò ní okùn kankan, ó ní irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lórí tí à ń fà gùn.

"Ọmọ mi ní mo lè gbé e jókòó sábẹ́ igi ọsàn lẹ́yìnkùlé, kí n máa fi sọ̀rọ̀," ni Bàbá wí. "Mo ní, bí mo bá lè gbé e débẹ̀, ẹlòmíràn náà lè gbé e lọ. Mo pe káfíńtà. Ìdí rẹ̀ àti apá rẹ̀, inú àpótí ni méjèèjì ń gbé. Bó bá dún, ọmọ mi obìnrin a sáré ṣí i. Àwọn ará ìjọ ti mọ̀, wọ́n á jẹ́ kó dún pẹ́."

Ìrókò ni wọ́n fi kan àpótí náà. Káfíńtà lu ihò kan sẹ́yìn rẹ̀ fún wáyà. Mo mi àgádágodo rẹ̀, kò yẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni ò lè ṣí i láìní kọ́kọ́rọ́," ni Bàbá tún wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀, nítorí ó gbọ́ ohun tó sọ. Ọ̀rọ̀ tó ti fi ń yangàn láti Kérésìmesì ni ọlọ́pàá fi mú ọmọ rẹ̀.

Ìyá, ìyàwó Bàbá, ló sìn mí jáde. Nígbà tí a dé ẹ̀yìnkùlé, ó dúró. Èdè Ìjẹ̀ṣà ni ó ń sọ, èdè tí gbogbo wa jọ ń kà ni mo fi kọ ọ́ síhìn-ín.

"Ọmọ mi, ṣé o máa ń gbàdúrà?"

"Mo ń gbàdúrà, Mà."

"Nǹkan kan wà nínú àpótí yẹn. Ihò tí káfíńtà lù yẹn, iná pupa kan máa ń tàn níbẹ̀. Bí ọmọ mi bá ń fi tẹlifóònù sọ̀rọ̀, iná á tàn. Bó bá ti gbé e padà sáyè rẹ̀, iná á kú. Ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí i tó tàn tòun ti àgádágodo lẹ́nu rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ó tàn títí, ó tún kú fúnra rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

"Kí lẹ wá ṣe?"

"Mo sọ fún Bàbá. Ó ní kí n lọ ra awò ojú. Mo bá pe ẹgbẹ́ àdúrà. A gbé ọwọ́ lé e, a ta òróró sí i, a bá ohun tó wà nínú rẹ̀ wí."

"Ó gbọ́?"

"Ó gbọ́ lọ́jọ́ náà."

"Ẹ sọ ọ́ fún ọlọ́pàá?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. "Kí n sọ kí ni? Pé àǹjọ̀nú wà nínú tẹlifóònù wa? Wọ́n á ní ìdílé wa ti ń lo àǹjọ̀nú jalè. Ọmọ mi wà lọ́wọ́ wọn. N ò lè fi ẹnu mi kó igi sí iná tó ń jó o."

N kò mọ nǹkan kan nípa bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹlifóònù. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹlẹ́rìí tó ń parọ́, Ìyá yìí kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn. Bí iná bá ń tàn nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ̀rọ̀, tó sì tàn nígbà tí àpótí wà ní títì, a jẹ́ pé ẹnìkan ń sọ̀rọ̀ láìṣí àpótí. Mo padà wọlé lọ bá Bàbá.

"Bàbá, tẹlifóònù mélòó ni ọmọ yín gbé wá ní Kérésìmesì?"

"Méjì. Ìkan náà ni wọ́n, bí ìbejì. Ó fún mi ní ọ̀kan, ó ta èkejì kó tó padà."

"Ta ló tà á fún?"

"Ọmọkùnrin kan tó yá yàrá ní ilé tó wà lẹ́yìn wa yìí. Ó ti ṣe alágbàtà wúrà ní Ìtagunmódì rí."

"Ṣé wáyà tẹlifóònù wọ ilé tó ń gbé?"

"Wáyà kẹ̀? Ilé mi nìkan ni wáyà wọ̀ ní gbogbo ìsàlẹ̀ yìí. Mo bi ọmọ mi pé kí ni onítọ̀hún fẹ́ fi ṣe. Ó ní fáàrí ni."

Láàárín ẹ̀yìnkùlé Bàbá àti ti ilé kejì, obìnrin kan ní ìsọ̀ kékeré tó ti ń fi ẹ̀rọ lọ ata. Ẹni tó bá fẹ́ mọ àdúgbò, ibẹ̀ ni yóò lọ. Mo kí i. Àwọn obìnrin méjì tó gbé ata wá dáhùn pẹ̀lú rẹ̀.

"Ata lo gbé wá?" ni ó bi mí.

"Ọ̀rọ̀ ni mo gbé wá, Mà."

"Ọ̀rọ̀ ò wọ ẹ̀rọ yìí. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Mo béèrè ọmọkùnrin tó ra tẹlifóònù. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bú sẹ́rìn-ín.

"Òyìnbó Ẹ̀yìnkùlé," ni ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà wí.

Alálọta pa ẹ̀rọ kó lè ráyè sọ̀rọ̀. "Á gbé àga síta, á fa irin orí rẹ̀ gùn, á gbé e sétí, á bẹ̀rẹ̀ sí í bá afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀. Á rẹ́rìn-ín. Á ní 'ẹn-ẹ́n, ẹn-ẹ́n'. Mo ní kó bá wa kí Ọbabìnrin ìlú òyìnbó."

"Kí ló wí?"

"Ó ní a ò lajú."

"Ìyàwó tó fẹ́ fẹ́ ẹ ti sá," ni obìnrin kejì wí. "Ó ní òun ò lè fẹ́ ẹni tó ń bá ike sọ̀rọ̀."

"Ta lẹ rò pé ó ń bá sọ̀rọ̀?"

"Kò sẹ́ni. Ṣèbí kò ní wáyà? Wọ́n ti wọ yàrá rẹ̀, wọ́n ti wò ó."

Mo bi alálọta pé kí ló ti gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó ní ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí òun gbọ́ púpọ̀, àfi ọjọ́ tí bẹ́líìtì ẹ̀rọ náà já, tí ibẹ̀ dákẹ́ títí alẹ́.

"Ọjọ́ náà, mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ní, 'Alhaji, ọjà ti jáde o, ojú rẹ̀ mọ́.' Ó ní, 'Ẹ má mú ẹlòmíràn dání, ojú ti pọ̀ jù níbí.' Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ojú tèmi nìkan ló wà níbẹ̀. Mo ní, ẹ wo wèrè, ọjà wo ló ní? Sítóòfù tó fi ń dáná, mo mọ ẹni tó yá a."

Mo ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, kò yọ ọ̀rọ̀ kan, kò fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Mo béèrè ọjọ́ tí bẹ́líìtì já.

"Ọjọ́ kejì rẹ̀ ni àwọn dẹ́rẹ́bà ń sọ ọ́ ní gáréèjì pé wọ́n ti ja oníwúrà kan lólè lọ́nà oko."

"Ẹ ò wá so ó pọ̀?"

"So kí ni mọ́ kí ni? Bí ọmọdé bá gbé pátákó sétí tó ní òun ń bá ọba sọ̀rọ̀, ṣé ìwọ á lọ bi ọba?"

Gbogbo àdúgbò rí ọmọkùnrin náà níta gbangba tó ń ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sì bá iṣẹ́ wọn lọ. Ìmọ̀ tí wọ́n ní pé tẹlifóònù tí kò ní wáyà kì í ṣe tẹlifóònù, ìmọ̀ yẹn ló bò ó láṣìírí ju ìkélé èyíkéyìí lọ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ kọ́kọ́ fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tí mo padà dé Òṣogbo. "Iná inú àpótí. Ẹgbẹ́ àdúrà. Wèrè ẹ̀yìnkùlé. Ìyẹn ni kí n gbé lọ bá ọ̀gá mi?"

"Ẹ gbé ọ̀rọ̀ Alhaji lọ, sà. Ohun tó ní wọ́n sọ fún òun lórí tẹlifóònù, ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni ní Iléṣà?"

"Inú fáìlì ló wà. Ìwọ náà ò tíì kọ ọ́ síwèé ìròyìn."

"Báwo wá ni alálọta ṣe mọ̀ ọ́n?"

Mo sọ ohun tí obìnrin náà sọ, bó ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó ṣí fáìlì, ó ka ọ̀rọ̀ Alhaji, ó tún un kà. Ó pa fáìlì dé, ó mú fìlà rẹ̀.

Nígbà tí a dé Iléṣà, ọmọkùnrin náà ń lọ aṣọ nínú yàrá rẹ̀, ó múra dáadáa, ó lóòfínní. Sájẹ́ǹtì tó bá wa wá béèrè tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ohun ìṣeré ni, sà," ni ó wí. "Ẹ bi gbogbo àdúgbò."

Sájẹ́ǹtì fa páálí kan jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìdí tẹlifóònù náà wà nínú rẹ̀, tó jẹ́ pé kìkì bó bá fẹ́ kí bátìrì gba iná ló ń gbé e jáde. Apá rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ wá ṣe ohun tí mo fi yìn ín títí dòní. Kò lu ọmọkùnrin náà, kò pariwo mọ́ ọn. Ó fi ọlọ́pàá kan ṣọ́ ọ, ó gbé apá tẹlifóònù náà fún Sájẹ́ǹtì, ó ní kó dúró sí ẹ̀yìnkùlé níbi tí àga náà máa ń wà. Òun fúnra rẹ̀ wọ ilé Bàbá Olùkọ́ pẹ̀lú mi. Kọ́kọ́rọ́ àpótí wà lápò rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti mú obìnrin náà. Ó yọ ọ́, ó fi hàn wá, ó fi padà sápò. Bàbá, Ìyá, òun àti èmi jókòó síwájú àpótí bí ẹni tó ń ṣọ́ òkú.

Iná pupa tàn nínú ihò náà.

"Òun nìyẹn," ni Ìyá wí jẹ́jẹ́.

Bàbá tẹ̀ síwájú, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú. Iná ṣì ń tàn.

"Ṣé kí n ṣì lọ ra tèmi?" ni Ìyá bi í.

Bàbá na ọwọ́ kan àgádágodo, ó ṣì wà ní títì. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ iná náà kú, Sájẹ́ǹtì sì wọlé, ó kí ọ̀gá rẹ̀ bí ológun.

"Mo pe ilé Alhaji ní Òṣogbo, sà. Ìyàwó wọn ló gbé e. Wọ́n kí yín. Wọ́n ní nígbà wo lẹ máa mú olè?"

Ìyẹn kò tó Ìnsípẹ́kítọ̀. Ó gba apá tẹlifóònù náà, ó gbé e sétí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn káàkiri àdúgbò, ó ń tẹ́tí sí ohùn inú rẹ̀ láti mọ ibi tó máa kú sí. Ó rìn lọ sókè, ó rìn lọ síhà odò, ó gba ẹ̀yìn ilé kan yọ sí iwájú èkejì. Àwọn ènìyàn tẹ̀ lé e. Nígbà tó dé iwájú alálọta, obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, kò lè mú un mọ́ra.

"Ọ̀gá, ẹ bá wa kí Ọbabìnrin."

"Ó ní òun gbọ́," ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí, kò dúró, kò rẹ́rìn-ín.

Ó bá mi níwájú ilé Bàbá, òógùn bò ó. Ó ní ohùn náà mọ́ kedere dé yàrá ọmọkùnrin yẹn, ó ń kùn ní ìsọ̀ alálọta, ó sì kú pátápátá lẹ́yìn gọ́tà. "Ẹni tó fi tẹlifóònù inú àpótí yìí pe Òṣogbo, inú agbo yìí ló dúró sí. Ìdí inú àpótí ò mọ apá tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìbejì rẹ̀, afẹ́fẹ́ ni méjèèjì fi ń bá a sọ̀rọ̀. Nínú agbo yìí, ẹnìkan ṣoṣo ló ní irú èyí. N kò nílò kọ́kọ́rọ́ mọ́."

Lóde òní tí afẹ́fẹ́ kún fún Wáífáì, mo máa ń kà pé ọlọ́pàá mú ẹnìkan nítorí pé Wáífáì ilé rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe jìbìtì. Mo máa ń fẹ́ mọ̀ bóyá ẹnìkan rìn yí ilé náà ká. Ẹni tó ni ilé ni ìwé ilé-iṣẹ́ máa ń dárúkọ, afẹ́fẹ́ kì í sì í dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn kó bi ẹni tó ń wọlé ní orúkọ. Bí ẹ̀rí náà ṣe lè dá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ló lè dá a sílẹ̀. Ọwọ́ ẹni tó bá rìn ín dé ìparí ló kù sí.

Ọmọkùnrin náà jẹ́wọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo wà níbẹ̀. Ó ní fáàrí ni òun kọ́kọ́ fi ń ṣe lóòótọ́. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ ibi tí wọ́n ń tẹ̀, ohùn tẹlifóònù gidi sì dún sí i létí. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ìbàdàn láti fi dánwò, ọ̀rẹ́ náà sì gbé e. Láti ọjọ́ náà, tẹlifóònù Bàbá Olùkọ́ ló ń lò. Alhaji ti lé e kúrò nídìí wúrà nígbà kan nítorí pé ó ń po idẹ mọ́ ọn. Ó yí ohùn padà kí Alhaji má baà dá a mọ̀; ó mọ ọ̀rọ̀ tí yóò gbé Alhaji dìde, ó sì mọ àwọn tí yóò dúró dè é nínú oko kòkó. Ó dárúkọ wọn, wọ́n sì lọ mú wọn.

"Kí ló dé tó o fi lọ sọ ọ́ níta, lójú gbogbo ayé?" ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í.

"Nínú yàrá, ohùn rẹ̀ máa ń já, sà. Wọ́n sì ti ní wèrè ni mí. Ta ló ń fetí sí wèrè?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá Olùkọ́ àti èmi wà ní àgọ́ ọlọ́pàá ní Òṣogbo. Wọ́n mú ọmọ rẹ̀ jáde. Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé ìwé kan síwájú rẹ̀ lórí káńtà pẹ̀lú bírò. Inú rẹ̀ dùn, ó rò pé inú gbogbo wa ni yóò dùn bákan náà.

Obìnrin náà ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó gbé bírò padà sílẹ̀.

"Béèlì ni wọ́n kọ síbí, sà."

"Ìlànà ni, Tísà. Ẹ gba béèlì, ẹ máa lọ ilé. A ó parí èyí tó kù tó bá yá."

"Ta ni wọ́n ń gba béèlì rẹ̀?"

"Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn."

"Ẹ̀sùn wo ló kù lọ́rùn mi?"

Ìnsípẹ́kítọ̀ wo ojú mi, mo wo ara ògiri.

"Ọmọ mi," ni Bàbá wí, "jáde ná. Ẹsẹ̀ rẹ kọ́kọ́ kúrò níbí, ká tó máa ro ìyókù."

"Bàbá, tí mo bá fi béèlì jáde, títí ayé ni wọ́n á máa sọ ọ́ pé wọ́n gba béèlì mi lọ́ràn adigunjalè. Olè ni wọ́n pè mí nígbà tí wọ́n ń mú mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ìwé sọ pé n kì í ṣe olè." Ó yí sí Ìnsípẹ́kítọ̀. "Mo lè dúró, sà. Ibi tí mo ń jókòó ṣì wà níbẹ̀."

Ó sì yí padà, ó gba ẹnu ọ̀nà tí wọ́n mú un gbà jáde wọlé lọ, ọlọ́pàá tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ wá ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀.

Ìnsípẹ́kítọ̀ ká ìwé béèlì náà. Lẹ́yìn náà, ó gun òkè lọ bá ọ̀gá rẹ̀. Àwa dúró. Oòrùn kúrò lójú fèrèsé kan, ó bọ́ sí òmíràn. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, Bàbá á fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ti ń bọ̀ kí Ìnsípẹ́kítọ̀ tó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ìwé mìíràn tí wọ́n ti tẹ̀ tí wọ́n sì ti lù ní òǹtẹ̀. Ìwé náà sọ pé ìwádìí fi hàn pé obìnrin náà kò mọ nǹkan kan nípa ọ̀ràn náà, kò sì sí ẹ̀sùn kankan lọ́rùn rẹ̀. Obìnrin náà kà á ní ìdúró. Ó tún un kà. Ó ká a, ó fi sínú àpò aṣọ rẹ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ìnsípẹ́kítọ̀ bí ẹni tó gba ohun tó jẹ́ tirẹ̀.

Níta, mo ti ṣetán láti bi í ní ìbéèrè.

"Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ pé iṣẹ́ yín ni," ni ó wí. "Ẹ jẹ́ kí n jẹun ná."

A wọ búkà kan ní ìdojúkọ àgọ́ náà. Wọ́n gbé iyán wá fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó wẹ ọwọ́ rẹ̀ dáadáa, títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun láìgbé orí sókè. Ó ní kí wọ́n fi òkèlè mìíràn kún un. Bàbá ò tíì fọwọ́ kan tirẹ̀. Ó ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni pé bí òun bá wo ibòmíràn, wọ́n á tún wá mú un.

Obìnrin náà rí i. Ó fi ọwọ́ òsì sún àwo náà sún mọ́ ọn.

"Ẹ jẹun, Bàbá. Èmi nìyí."